Rájí Ọlọ́bẹ àti Kóró Inú Ẹ̀jẹ̀

Ìró ẹsẹ̀ Rájí ni ọ̀pọ̀ ará Eggua kọ́kọ́ mọ̀ kí wọ́n tó mọ ojú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, tó ń sáré gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, ẹ má bínú sí i, ẹ má sì rò pé orí rẹ̀ dà rú. Ẹran kan ló ń kú lọ níbì kan, Rájí sì fẹ́ bá a kó tó kú.

Iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Alápatà ni, ó ń pa ẹran ọjà bí àwọn alápatà yòókù, àmọ́ eré sísá ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n mọ́. Nínú ìdílé Mùsùlùmí, ẹran tó bá fúnra rẹ̀ kú, òkúǹbete ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi kan ẹnu. Bí ọ̀bẹ bá kàn án lọ́fun nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì dá orúkọ Ọlọ́run lé e, ó di ẹran jíjẹ, ẹni tó ni ín kò pàdánù gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, bí màlúù bá ṣubú, bí àgbò bá ń yí ojú, wọn kì í pe dókítà ẹran. Rájí ni wọ́n ń pè. "Rájí, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ o!" Fóònù kò tíì kúrò létí rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an, ó fi Qúdrát ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìjókòó, ó lọ dúńbú ewúrẹ́ kan tí ọ̀kadà gbá lójú títì. Qúdrát kò sẹ́ ẹ. Ó ní aṣọ funfun tí Rájí wọ̀ lọ́jọ́ náà ni òun fi ń nu ilẹ̀ ilé ìdáná.

Ohun tí Rájí fi ń yangàn ni pé ẹran kankan kò tíì kú lójú òun láìgba ọ̀bẹ. Ó ń sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ó ń sọ ọ́ nílé òkú, ó sọ ọ́ títí ó fi sú Mẹ̀dínátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, obìnrin opó tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. "Rájí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wí, "a ti gbọ́. Jókòó jẹun."

Màlúù Jibril ló ba nǹkan jẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Jibril, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú, lọ́nà ibodè. Ó ra akọ màlúù kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó dà á wá láti ìhà Bẹ̀nẹ̀, ọkùnrin tó ń fi Faransé lú Yorùbá, tó sì ń kánjú láti tà á. Ó yẹ kí ìkánjú yẹn kọ Jibril lóminú, ṣùgbọ́n ẹran náà sanra, owó rẹ̀ sì rọrùn, ta ló ń bi ọlọ́jà léèrè ìdí tó fi ń kánjú? Kò pẹ́ tí màlúù náà fi wó lulẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Jibril pe Rájí. Rájí sáré.

Ó bá a láàyè. Ó dá orúkọ Ọlọ́run lé e, ó fa ọ̀bẹ. Ìgbà tó fẹ́ nu ọ̀bẹ ló wo ilẹ̀, ó sì tún un wò. Láti kékeré ni Rájí ti mọ̀ pé kí èèyàn tó bu omi fọ ọ̀bẹ, ẹ̀jẹ̀ á ti máa dì. Eléyìí kò dì. Ó dúdú, ó ń ṣàn wọ abẹ́ ewé ẹ̀gẹ́ lọ bí omi aró.

"Jibril, ẹ̀jẹ̀ yìí kò ṣe bí ẹ̀jẹ̀."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ la fẹ́ jẹ ni?" Jibril ń rẹ́rìn-ín. "Jọ̀ọ́, jẹ́ ká bó o."

Wọ́n jọ bó o. Egungun ìhà kan ha Rájí lọ́rùn ọwọ́, kò kà á sí. Jibril gé lára ẹ̀dọ̀, ó yan án lórí iná, ó jẹ ẹ́ níbẹ̀ níbẹ̀. Ó fi lọ Rájí, Rájí ní ebi kò pa òun. Títí di òní, kò mọ ohun tó mú òun sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ebi ń pa á.

Wọ́n ti ń kó ẹran sínú àpò nígbà tí Dókítà Ìbíyẹmí dé. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, Ayétòrò ni ìjọba gbé e sí láti máa tọ́jú ẹran àgbègbè náà, ẹnì kan tó rí màlúù náà níbi tó ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ló tẹ̀ ẹ́ láago. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó rí ẹ̀jẹ̀ náà lókèèrè, ó sì dúró gbagidi.

"Ẹ gbé e sílẹ̀! Ẹ má kó o lọ sọ́jà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

Jibril bú u. Rájí kò lè bú u, torí ó ti rí ojú obìnrin náà, ẹ̀rù ló wà níbẹ̀. Rájí kò tíì rí dókítà tí ẹ̀rù ń bà rí.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí gíláàsì, ó gbé e lọ yẹ̀ wò. Nígbà tó padà, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ lẹ́yìn. Àrùn ẹran tó ń ran èèyàn, tí wọ́n ń pè ní áńtíráàsì ni. Wọ́n dáná sun ẹran, wọ́n sun awọ, wọ́n sun ìwo, ọ̀bẹ tí Rájí jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ náà wọnú iná. Wọ́n da ẹfun tó ń jóni lọ́wọ́ sórí ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n fi igi ẹlẹ́gùn-ún yí i ká tòun tẹ̀gẹ́ tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ ebè síbẹ̀ mọ́.

"Títí di ìgbà wo?" ni Jibril béèrè.

"Bàbá," ni dókítà wí, "àwọn ọmọ yín lè darúgbó kí àrùn yìí má tíì kúrò nílẹ̀ yìí."

Dókítà béèrè bóyá ẹnì kan ti jẹ nínú ẹran náà. Jibril wo ilẹ̀, ó ní rárá. Rájí náà wo ilẹ̀. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní oògùn, wọ́n ní kí wọ́n lò ó tán. Jibril ní ara òun le, ó fi tirẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó ní ibà ni, ó mu àgbo. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìlarò nígbà tí ikùn rẹ̀ wú, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé bọ̀.

Ní ti Rájí, ìléròro kan yọ níbi tí egungun ti ha á, ó bẹ́, ó di èépá dúdú bí èédú, ọwọ́ rẹ̀ sì wú dé ìgúnpá. Kò dùn ún. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù. Á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn Ìlarò náà, á máa tẹ ojú egbò náà, á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó dun òun díẹ̀. Ẹran tí kò bá mọ ìrora mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé ó ti lọ. Ó ń rò ó pé bí ikú ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, láti ọrùn ọwọ́. Oògùn tí wọ́n ń fún un da inú rẹ̀ rú, ó ń ya ìgbẹ́, nọ́ọ̀sì sì ń fún un ní omi inú ìgò kékeré kan tí kò gùn ju ìka lọ, kó máa mu ún. Inú rẹ̀ dúró. Wíwú ọwọ́ rẹ̀ rọlẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, ẹ̀rù náà sì bá a lọ sílé.

Dókítà Ìbíyẹmí wá wò ó lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìnkùlé ló bá wọn, níbi tí Qúdrát ti ń se irúgbá, torí irú ló ń ṣe tà. Rájí bi í ní ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: kí ni ọ̀bẹ òun ṣe? Ṣebí màlúù náà ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀?

Qúdrát ni dókítà kọjú sí. "Ìyá, ìgbà wo lẹ ti gbé ìkòkò yìí kaná?"

"Láti àná."

"Gbogbo ohun alààyè tó wà nínú ẹ̀ ló yẹ kó ti kú. Kí ló wá ń sọ ọ́ di irú tẹ́ ẹ bá dì í tán?"

"Òun fúnra ẹ̀ ni," ni Qúdrát wí. "Irú ni, ó mọ bó ṣe ń ṣe é."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní kòkòrò kan ni, ojú kò lè rí i, ó wà lára irúgbá, ó wà lára ewé àti igbá tí Qúdrát fi ń bò ó. Bí ìyà bá dé bá a, bóyá iná ni o, bóyá ọ̀dá ni o, á ká jọ, á wọ ẹ̀wù líle, á di kóró. Kò ní jẹun, kò ní mí, kò sì ní kú. Ìgbà tí ooru bá rọlẹ̀ tó rí oúnjẹ, á bọ́ ẹ̀wù, á jí. "Sípóò ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa. Èyí tó wà nínú irú kì í ṣe èèyàn ní nǹkan. Èyí tí ẹ mu nínú ìgò kékeré ní Ìlarò náà, kóró ni, oògùn ni wọ́n fi ṣe, òun ló tún inú yín ṣe."

"Mo mu ún?" Rájí ti dìde dúró.

"Ẹ mu ún, ẹ sì gbádùn. Bàbá, ẹ jókòó. Ìbátan wọn tó ya ìkà ló wà nínú màlúù yẹn. Bí ẹran bá kú tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wà nínú ẹ̀, kòkòrò yẹn kò rí afẹ́fẹ́, á jẹrà mọ́ ẹran, á kú. Ìgbà tí a bá là á, tí ẹ̀jẹ̀ kan atẹ́gùn, ìgbà yẹn ló ń di kóró. Ó wá wọ ilẹ̀, ó ń dúró de ẹran tó máa jẹ koríko ibẹ̀."

Rájí wo ọwọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ó ń ka gbogbo ibi tó ti sáré dé láyé rẹ̀ lọ́kàn, gbogbo ẹran tó wó lulẹ̀ láìsí ìdí, tí òun sì da ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ṣé òun ò ti gbìn ín síbòmíràn? Láti ọjọ́ náà, kò jẹ irú mọ́. Qúdrát bínú, ó ní ọkọ òun kò bẹ̀rù ìwo màlúù rí, irú ọbẹ̀ ló wá ń sá fún.

Nígbà tó yá, dókítà kó abẹ́rẹ́ àjẹsára wá fún gbogbo màlúù ìlú. Ìgò rẹ̀ kéré. Ó fi han Rájí, kò sì purọ́ fún un: kóró náà ló wà nínú rẹ̀, láàyè, àmọ́ wọ́n ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè pa ẹran mọ́. Ara màlúù á rí i, á fi kọ́ ìjà, bí èyí tó ya ìkà bá wá dé, á bá ẹni tó ti gbára dì. Rájí da ìgò náà padà fún un kíákíá. Kí wọ́n bu ohun tó pa Jibril, kí wọ́n gún un sára màlúù ẹni? Gbogbo ìlú ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí Rájí bá lè mú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, àwọn náà á mú tàwọn wá, wọ́n sì mọ̀ pé kò ní lè mú un wá.

Mẹ̀dínátù ní abo màlúù kan àti ọmọ rẹ̀. Ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ilé kan tí kànga wà láàárín agbo rẹ̀. Kànga yẹn ló fi wẹ Rájí dàgbà, inú rẹ̀ ni ìdajì àdúgbò ti ń fa omi, ìdí rẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ti ń ṣeré. Bí Rájí bá ti ń kọjá lẹ́bàá ẹ̀gún tí wọ́n fi yí oko Jibril ká, kànga yẹn ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á, ẹ̀rù ẹ̀gún yẹn sì ju ìyẹn lọ. Ó lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló di màlúù náà mú níwo, ó dijú nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, àfi bíi pé òun ni wọ́n ń gún. Ìlú rí i, wọ́n mú tiwọn wá.

Kí dókítà tó lọ, ó pe Rájí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹran tó bá ti jẹ kóró burúkú yẹn ṣáájú ṣì lè ṣubú. Bí èyíkéyìí bá ṣubú, ẹ má fọ̀bẹ kàn án. Ẹ pè mí. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Rájí ṣèlérí. Ó ti ra ọ̀bẹ tuntun nígbà náà.

Lẹ́yìn ìrun Alàásárì ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ méjì náà kò tíì pé, fóònù rẹ̀ dún. "Rájí! Sáré!" Ohùn Mẹ̀dínátù ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé ọ̀nà kó tó rántí ohunkóhun. Ó sáré bó ṣe ń sáré láti kékeré, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn èèyàn ń yà fún un. Ìgbà tó wọ agbo ilé tó rí ibi tí màlúù náà ṣubú sí ló tó dúró. Ẹ̀gbẹ́ kànga gan-an ni.

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ojú rẹ̀ ti ń yí.

"Kí lò ń wò?" Mẹ̀dínátù ti di okùn ọrùn rẹ̀ mú. "Ó ń kú lọ! Rájí, ọ̀bẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúrò lára ẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbí."

"O ní kí n kúrò? Ìwọ lo mú un níwo kí wọ́n gún un! Abẹ́rẹ́ yín ló pa á, o tún fẹ́ kó di òkúǹbete mọ́ mi lọ́wọ́?"

Rájí fi ọwọ́ kejì tẹ dókítà láago. Dókítà ní òun wà ní Ìdógò, òun ń bọ̀, kó má fọwọ́ kàn án. Màlúù náà na ẹsẹ̀. Ọwọ́ Rájí ń yún un. Ó mọ ibi tí ọ̀bẹ máa gbà, ó mọ bó ṣe máa rí lọ́wọ́, ìṣẹ́jú kan kò ní pé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì rí ẹran tà. Bó bá jẹ́ pé àpò ọ̀rá ló gbé mì ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ náà ló pa á lóòótọ́ ńkọ́? Obìnrin tó gbé e pọ̀n lòun fẹ́ sọ di olòfo nítorí ohun tí ojú kò rí? Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó wo ilẹ̀ tó rọra dagẹ̀rẹ̀ lọ síbi kànga, ó rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn gbà. Òtútù mú un nínú oòrùn.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá dúńbú ẹ̀, a ó fi ẹ̀gún yí ilé yìí ká."

"Mú un wá! Màá ṣe é fúnra mi!" Mẹ̀dínátù na ọwọ́ sí ọ̀bẹ.

Rájí jù ú sórí òrùlé. Ó dún gbàǹgà lórí páànù, kò sì padà wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá a létí, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, Rájí sì gbá a mọ́ra kó má baà padà sídìí ẹran náà. Màlúù náà mí kanlẹ̀. "Bísímílàhí," ni ẹnu Rájí sọ fúnra rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tó tẹ̀ lé e. Ẹran àkọ́kọ́ tó kú lójú rẹ̀ láìgba ọ̀bẹ nìyẹn.

Ó jókòó sílẹ̀ lókèèrè títí dókítà fi dé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn, Mẹ̀dínátù sì kọ ẹ̀yìn sí i. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́, ó fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan létí màlúù náà, ó fi òwú tí oògùn wà lára rẹ̀ dí imú àti ìdí rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà jáde. Ó gbé awò tó fi ń wo kòkòrò sórí àga nínú yàrá, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Òun ni," ni dókítà wí. "Àrùn yẹn ló pa á. Ó ti jẹ ẹ́ ká tó gún un." Ó wo ilẹ̀ agbo ilé, ó wo ìdí kànga, ó tún wo Rájí. "Bàbá, ilẹ̀ yín mọ́."

Wọ́n fi tapólì wé màlúù náà lódindi, wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa sun ún. Ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ilé, ń ké, ó sì ń jẹ koríko; ó ṣì wà láàyè títí di òní. Ọ̀bẹ ṣì wà lórí òrùlé.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, Rájí ṣì jókòó sílẹ̀. Mẹ̀dínátù lọ sídìí kànga, ó sọ korobá sísàlẹ̀, ó fà á sókè, ó bu omi sínú ife kan, ó sì gbé e fún un. Rájí fi ìkánjú gbé e sẹ́nu, ìdajì omi náà dà sí i láyà. Ó mu ìyókù.